Ohùn Tó Ti Ilé Ìdáná Jáde: Àyẹ̀wò "Vozes-Mulheres" ti Conceição Evaristo

Conceição Evaristo jẹ́ ọ̀kan lára àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí orúkọ wọn rinlẹ̀ jù lọ ní Bràsíl lónìí. Ọdún 1946 ni wọ́n bí i ní Belo Horizonte, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Minas Gerais. Ewì tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí, "Vozes-Mulheres", jáde ní ọdún 1990 nínú ìdìpọ̀ kẹtàlá Cadernos Negros, ìwé ọdọọdún tí àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní São Paulo ní ọdún 1978. Ó tún wà nínú àkójọ ewì rẹ̀, Poemas da recordação e outros movimentos, tí ó jáde ní ọdún 2008. Ewì náà kò gùn. Ènìyàn lè kà á tán láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ṣùgbọ́n ìran obìnrin márùn-ún ni ó wà nínú rẹ̀: ìyá ìyá ìyá akéwì, ìyá ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀, àti ọmọbìnrin rẹ̀.

Ewì yìí kì í ṣe àjèjì pátápátá sí àwa tí a ń gbé ní Àjàṣẹ́, Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti agbègbè wọn. Láti etíkun wa ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrú ti gbéra lọ sí Bràsíl. Láti Bràsíl ni àwọn Àgùdà sì ti padà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n mú orúkọ Potogí, ọgbọ́n ilé kíkọ́ àti oúnjẹ wọn wá sí ìlú wa. Orúkọ Kétu pàápàá kò parẹ́ lókè òkun: òun ni wọ́n fi ń pe ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka ńlá ìsìn òrìṣà ní Bahia. Síbẹ̀, ìbátan nìkan kò tó láti fi ka ewì. Bí a bá kàn gbá a mọ́ra pé ọmọ ìyá wa ló kọ ọ́, a lè má gbọ́ ohun tí ó ń sọ gan-an, pàápàá níbi tí ó ti kan àwa náà.

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbà ka irú ewì báyìí. Wọn a kà á bí àkàbà: ìran kìn-ín-ní wà nísàlẹ̀ nínú ìgbèkùn, ìran karùn-ún wà lókè téńté nínú òmìnira, ìran kọ̀ọ̀kan sì gòkè díẹ̀ ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Irú àlàyé bẹ́ẹ̀ rọrùn láti kọ sílẹ̀ nígbà ìdánwò, kò sì jẹ́ irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a rí ohun tí ewì náà fi yàtọ̀. Èrò mi ni pé ẹsẹ̀ kẹta, níbi tí ohùn ti rẹlẹ̀ jù lọ, ni ọkàn ewì náà wà. Inú ilé ìdáná àwọn ẹlòmíràn ni ìṣọ̀tẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́nu obìnrin tí kò pariwo. Akéwì tí ó kàwé, tí ó ń kọ̀wé, kò fi ara rẹ̀ ṣe olùdáǹdè ìyá rẹ̀. Ajogún ìyá rẹ̀ ni ó fi ara rẹ̀ ṣe, kò sì tíì dá a lójú bí yóò ṣe lo ogún náà.

Àmì ìsopọ̀ mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọlé. Ọ̀rọ̀ orúkọ méjì ni ó wà níbẹ̀: èkíní túmọ̀ sí ohùn, èkejì túmọ̀ sí obìnrin, àwọn méjèèjì sì ń tọ́ka sí ohun tí ó ju ẹyọ kan lọ. Akéwì kò kọ ọ́ bí ènìyàn ṣe máa ń sọ pé "ohùn àwọn obìnrin". Ó fi àmì ìsopọ̀ so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, láìfi ohunkóhun tí ó ń tọ́ka sí ìní sáàárín wọn. Èdè Faransé lè ṣe bẹ́ẹ̀ bákan náà. Èdè Yorùbá ni yóò ṣòro fún díẹ̀, nítorí pé bí a bá ti kọ "ohùn obìnrin", ohun tí etí wa gbọ́ ni pé obìnrin ló ni ohùn náà. Àkọlé náà sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ohùn yìí gan-an ni obìnrin náà. Ẹni tí wọ́n ti gba ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ni ó kù tí ó lè pè ní ara rẹ̀.

Àmì ìsopọ̀ yìí tún fara hàn lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹsẹ̀ kejì, akéwì so òyìnbó pọ̀ mọ́ olóhun-gbogbo. Kò sọ pé àwọn òyìnbó ló ni ohun gbogbo, bí ẹni pé ọrọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ní lónìí tí wọ́n lè pàdánù lọ́la. Ó sọ àwọ̀ ara àti ìní di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ní ilẹ̀ tí àwọ̀ ara ti jẹ́ kí á mọ ẹni tí ń ra ènìyàn àti ẹni tí wọ́n ń rà, kò sí bí a ṣe lè ya ọ̀rọ̀ ẹ̀yà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìṣẹ́. Àmì kékeré yẹn ti sọ èyí láìsí àlàyé. Ní ìparí ewì, ó so ìyè pọ̀ mọ́ òmìnira, ní ọ̀nà kan náà.

Ìrìn àjò ewì náà wà láàárín àmì mẹ́ta yìí. Èkíní sọ ohun tí ó kù lọ́wọ́ obìnrin náà. Èkejì sọ ohun tí ayé kọ́ láti fi dè é. Ẹ̀kẹta sọ ohun tí ó yẹ kó rọ́pò èkejì. Kì í ṣe àkàbà ni akéwì ń tò. Ìdè kan ni ó ń tú, tí ó sì ń so òmíràn dípò rẹ̀.

Gbohùngbohùn

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni ewì yìí ń lò láti ẹsẹ̀ kìn-ín-ní títí dé ẹsẹ̀ kẹrin: ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ nípa ohùn tí ó dún, tí ó kọlu nǹkan, tí ó sì padà wá. Ní Yorùbá, gbohùngbohùn ni a ń pe irú ìró bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a fetí sí ọ̀rọ̀ tiwa yìí dáadáa. Nínú èdè Potogí àti Faransé, ohùn ni ó ń ṣiṣẹ́: òun ni ó ń padà. Nínú èdè tiwa, nǹkan kan ni ó ń gba ohùn. Òkè, igbó tàbí ògiri ló gbà á lẹ́nu ẹni tí ó fọhùn. Bí a bá wá fi etí Yorùbá gbọ́ ewì yìí, ìbéèrè kan yọ lójú ẹsẹ̀: ta ni ó gba ohùn obìnrin kọ̀ọ̀kan? Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ni ó gba ti àkọ́kọ́. Òyìnbó olóhun-gbogbo ni ó gba ti èkejì. Ilé ìdáná àti ọ̀nà eléruku ni ó gba ti ẹ̀kẹta. Ìwé ni ó gba ti akéwì. A ó dé ẹsẹ̀ tí ó kẹ́yìn kí á tó rí ènìyàn tí ó mọ̀ọ́mọ̀ na ọwọ́ láti gba ohùn wọn, ọmọbìnrin náà ni.

Èdè wa tún ràn wá lọ́wọ́ lọ́nà mìíràn. Èdè Potogí ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìyá, fún ìyá ìyá, àti fún ìyá ìyá ìyá. Ní tiwa, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń tún pè. Bí a bá ṣe ń lọ sẹ́yìn ni ó ń pọ̀ sí i. Orúkọ ìbátan fúnra rẹ̀ ti di gbohùngbohùn. Ẹni tí yóò bá túmọ̀ ewì yìí sí Yorùbá kò gbọdọ̀ sọ àǹfààní yìí nù.

Ẹ wo bí akéwì ṣe fi gígùn ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìyá ìyá ìyá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé, ṣùgbọ́n kò dé bí arúgbó. Ọmọdé ni. Obìnrin tí ó yẹ kí a máa pè ní àgbà ìdílé, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni a ti pàdé rẹ̀, tí ó ń sunkún ìgbà èwe tí ó sọnù. Àwa tí ó mọ́ lára láti máa tọ orírun ìdílé lọ sọ́dọ̀ àgbà, ọmọ kékeré tí wọ́n jí gbé ni a bá níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá ìyá akéwì dé, ìlà mẹ́ta péré ni ó sì ní. Ìgbọràn ni ohùn rẹ̀, kò sì sí ohun tí àwọn olówó ń retí lẹ́nu ẹni tí ń gbọ́ràn ju "bẹ́ẹ̀ ni" lọ. Akéwì kò dá a lẹ́bi, kò sì gbóríyìn fún un. Ó fi ìlà mẹ́ta náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a lè rí bí ààyè tí obìnrin yìí ní láyé ṣe há tó.

Ilé ìdáná àti ọ̀nà eléruku

Ẹsẹ̀ ti ìyá ni ó gùn ju ti àwọn méjèèjì tí ó ṣáájú lọ, òun náà ni ó mú wa wọ ìlú. Ewì náà kò dárúkọ ìlú kankan. A kò rí òpópónà, ilé gogoro tàbí ọjà. Síbẹ̀, ẹsẹ̀ yìí sọ ohun tí ìlú jẹ́ fún obìnrin tálákà aláwọ̀ dúdú: ibi méjì, àti ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn. Ibì kìn-ín-ní ni ilé ìdáná àwọn ẹlòmíràn, ní ẹ̀yìn ilé níbi tí àlejò kì í dé. Ibì kejì ni favela, àdúgbò àwọn tálákà tí ilé wọn sábà máa ń jẹ́ ti pákó àti páànù nígbà náà. Láàárín méjèèjì ni ọ̀nà eléruku wà. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ń gbà kọjá pẹ̀lú ìdì aṣọ ìdọ̀tí àwọn òyìnbó, akéwì sì sọ pé abẹ́ ẹrù yẹn gan-an ni ohùn rẹ̀ ti ń dún. Ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà yóò rí aṣọ kí ó tó rí ènìyàn.

Kì í ṣe èèṣì ni pé ìlú pín báyìí. Belo Horizonte jẹ́ ìlú tí àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ yàwòrán rẹ̀ sórí ìwé kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ọdún 1897 ni wọ́n ṣí i, kí ó lè rọ́pò Ouro Preto gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú Minas Gerais. Ọdún 9 péré ni ó fi tẹ̀ lé òfin ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1888, tí ó fòpin sí ìkónilẹ́rú ní Bràsíl láìfún àwọn tí ó dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ tàbí owó gbà-má-bínú. Nínú àwòrán ìlú tuntun náà, wọ́n ya òpópónà gbòòrò, ọgbà àti ilé ìjọba. Wọn kò ya ibi gidi kan sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń kọ́ ọ. Àwọn wọ̀nyí wá ilé fún ara wọn níbi tí wọ́n bá ti rí àyè. Pendura Saia ni orúkọ favela tí Evaristo dàgbà sí, alágbàfọ̀ sì ni ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà wa a máa ní ìyá ni wúrà. Ní Minas Gerais, ìpínlẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí ibi ìwakùsà, wúrà wíwà ni ó mú kí wọ́n máa ra ìyá àti ọmọ.

Evaristo ti kọ àròkọ kan nípa ìyá rẹ̀ tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹsẹ̀ yìí. Ó ní bí òjò bá ń rọ̀ tí kò dá, ìyá náà a mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, a lóṣòó, a sì ya oòrùn sórí ilẹ̀ tútù, kí oòrùn òkè lè yọ. Bí aṣọ kò bá gbẹ, wọn kò ní rí owó; bí kò bá sí owó, kò sí oúnjẹ. Òǹkọ̀wé náà ka àwòrán orí ilẹ̀ yẹn sí ara ìkọ̀wé àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ rí. Àwa tí a mọ̀ pé babaláwo a máa tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn, tí a sì gbà pé àmì tí ọwọ́ tẹ̀ lè pe ohun tí ojú kò tíì rí, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa láti lóye. Obìnrin tí ewì náà sọ pé ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ kì í ṣe ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí.

Níbí ni a ti dé orí ọ̀rọ̀ tí mo kà sí pàtàkì jù lọ nínú ewì náà. Akéwì sọ pé ìṣọ̀tẹ̀ ni ohùn ìyá rẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kékeré kan kún un tí ó fi hàn pé ohùn náà rẹlẹ̀ gan-an. Báwo ni a ó ṣe túmọ̀ ọ̀rọ̀ kékeré yìí? Ẹlòmíràn lè sọ pé ìkùnsínú ni. Mo rò pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kùn sínú, inú ni ó ń gbé. Òun àti olúwa rẹ̀ ni yóò jọ wọ ilẹ̀. "Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́" ni ó súnmọ́ ọn jù, nítorí pé ohun tí a sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ti jáde lẹ́nu, ẹni tí ó bá súnmọ́ni yóò sì gbọ́ ọ. Ta ni ó súnmọ́ obìnrin náà nínú ilé ìdáná àti lójú ọ̀nà, bí kò ṣe ọmọ rẹ̀? Òwe wa sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ewì yìí gbà pé òótọ́ ni, ó sì fi ohun kan kún un: ẹni tí ó rẹ ohùn sílẹ̀ kò dákẹ́.

Ìdí tí ohùn náà fi rẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá pariwo á pàdánù iṣẹ́, iṣẹ́ tí kò sì ní ààbò òfin tó péye ni. Ọdún 2013 ni wọ́n tó tún òfin ìpìlẹ̀ Bràsíl ṣe kí àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé lè ní púpọ̀ nínú ẹ̀tọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ní, òdiwọ̀n wákàtí iṣẹ́ ojúmọ́ sì wà lára rẹ̀. Láti 1888 sí 2013 jẹ́ ọdún 125. Ewì yìí jáde nígbà tí ìgbà náà kò tíì pé, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún òmìnira. Ẹni tó bá ka ẹsẹ̀ kẹta bí ìtàn àtijọ́ kò wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ohùn akéwì fúnra rẹ̀

Tí ewì náà bá jẹ́ àkàbà ni, ibí yìí ni à bá ti retí ayọ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Evaristo ti ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ó parí ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní ọdún 1971, ó kó lọ sí Rio de Janeiro ní ọdún 1973, ó di olùkọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 2011. Ní ọdún 2015, ìwé ìtàn kúkurú rẹ̀, Olhos d'água, gba ẹ̀bùn Jabuti, ẹ̀bùn ìwé tó lókìkí jù ní Bràsíl. Àwa olùkọ́ fẹ́ràn irú ìtàn ìgbésí ayé yìí. A máa ń fi í ru àwọn ọmọ sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan òun fúnra rẹ̀ nínú ewì, kò kọ pé ohùn òun ga. Ó kọ pé ohun tí ń bẹ lẹ́nu òun ni ẹsẹ ewì tí ó dààmú, tí kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ẹ̀jẹ̀ àti ebi ni ó sọ pé ìró inú wọn fi bára mu.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fò: ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "síbẹ̀" tàbí "títí di òní". Ohùn àwọn ìyá mẹ́ta ti dún kọjá. Ti akéwì ṣì ń dún. Kò sọ pé òun ti bọ́. Ìwé kò tíì lé ebi lọ; ó ti fún ebi ní ibi tí wọ́n ti lè kà á ni. Mo ka èyí sí òtítọ́ tí ó ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ akéwì tí ó jáde láti inú ìṣẹ́ máa ń kọ̀wé bí ẹni tí ó ti gúnlẹ̀ sí èbúté. Evaristo dúró sáàárín ìyá tí ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ àti ọmọ tí yóò sọ̀rọ̀ jáde, ó sì gbà pé ojú òun kò tíì là tán.

Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ gbé kálàmù nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1960, Carolina Maria de Jesus, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó ń ṣa ìwé àkísà tà ní favela Canindé ní São Paulo, tẹ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ jáde, Quarto de Despejo. Ìwé náà tàn ká gbogbo Bràsíl. Evaristo ti sọ pé ìyá òun náà kà á, pé ó rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìrántí tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ro èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún kí ọmọ tó tẹ ewì jáde ni ìyá alágbàfọ̀ ti ń kọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ajogún ni akéwì. Escrevivência ni ó pe ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó fi ìkọ̀wé àti ìgbésí ayé mọ pọ̀. Ó tún ti ṣàlàyé pé irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe orin arẹmọlẹ́kún tí àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú fi ń rẹ ọmọ olówó wọn sùn. Ó wà láti jí àwọn olówó náà lójú oorun ni.

Ọmọbìnrin náà àti ẹrù rẹ̀

Nígbà tí ewì dé orí ọmọbìnrin náà, ọ̀rọ̀-ìṣe yí padà. Ohùn tirẹ̀ kò kọ́kọ́ dún bí gbohùngbohùn; ó ń ṣà wọ́n jọ. Ó ń ṣa gbogbo ohùn tí ó ti kọjá, títí kan àwọn tí ó yadi, tí wọ́n pa mọ́ni lẹ́nu, tí wọ́n há sí ọ̀nà ọ̀fun. Ohun tí ó ń kó jọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan, ìṣe wà lára rẹ̀. Akéwì wá dárúkọ àná, òní àti ìsinsìnyí. Kò dárúkọ ọ̀la. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀ lé e ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó ti bẹ ọmọ náà pé kí ó ní sùúrù.

Òǹkàwé Yorùbá yóò rántí orúkọ bíi Yétúndé àti Ìyábọ̀. Àwa pẹ̀lú gbà pé ọmọbìnrin lè gbé ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà wá. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ ṣá. Yétúndé kò yan orúkọ rẹ̀. Ìyá ni ó padà wá fúnra rẹ̀. Nínú ewì yìí, àwọn ìyá kò lè padà wá bí ọmọ kò bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣà wọ́n. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe àkọọ́lẹ̀ orí.

Ibí yìí ni mo ti ní ìbéèrè kan fún akéwì. Ìyá gbé ìdì aṣọ àwọn òyìnbó. Ṣé kì í ṣe pé ọmọ náà yóò gbé ìdì ohùn mẹ́rin? Kò sí ẹni tí ó bi í bí ó bá fẹ́. Nínú ìran márùn-ún, kò sí bàbá, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tàbí ọkọ tí wọ́n fa ẹrù kan lé lọ́wọ́. Ẹnìkan lè dáhùn pé ìtàn ni ó rí bẹ́ẹ̀: ilé tí àwọn obìnrin gbé ró ni akéwì mọ̀, ọ̀dọ̀ ìyá àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin ni òun fúnra rẹ̀ sì ti dàgbà. Mo gba ìdáhùn yìí, ṣùgbọ́n kò pa ìbéèrè náà. Ìyìn tí a ń fi fún obìnrin alágbára máa ń di ọ̀nà láti fi ẹrù sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí ó gba ewì náà lọ́wọ́ ewu yìí ni pé kò yin ìfaradà níbì kankan. Kò pe ìyá ní akíkanjú, kò pe ìyà ní ẹwà. Ohun tí ọmọ gbà kì í ṣe ìyà tí wọ́n jẹ, ohùn tí wọ́n ní ni.

Àwa ńkọ́?

Ewì náà bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò sọ ilẹ̀ tí ọmọ náà ti wá, kò sì yẹ kí a fi tipátipá sọ ọ́ di ọmọ Kétu tàbí ọmọ Ọ̀yọ́; ọ̀pọ̀ ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Minas Gerais wá láti Kóńgò àti Àǹgólà. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà ṣáájú ìlà kìn-ín-ní, ìdákẹ́jẹ́ tiwa ni. Kí ọmọdé tó dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ẹnìkan ti jí i gbé, ẹnìkan ti tà á, ẹnìkan ti sìn ín dé etíkun. Ní Ouidah, Francisco Félix de Souza tí a bí ní Bràsíl di olówó nínú òwò ẹrú lábẹ́ Ọba Guézo. Ní ọdún 1886, nígbà tí ó ku ọdún méjì kí òfin dá àwọn ẹrú Bràsíl sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì pa Kétu run, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ. Nínú ìtàn yìí, àwọn kan nínú àwọn baba ńlá wa ni wọ́n tà, àwọn kan ni ó ń tà. Òǹkàwé tó bá ń ka ewì náà ní etíkun yìí, tí ó sì rò pé òyìnbó nìkan ni ó kàn, kò tíì wo apá ibi tí òun jókòó sí.

Ilé ìdáná náà kàn wá. Ní ìlú wa, a mọ àwọn ọmọbìnrin tí à ń pè ní vidomègon, tí òbí wọn fà lé ìbátan tàbí ojúlùmọ̀ lọ́wọ́ ní ìlú ńlá kí ó lè tọ́ wọn. Àṣà ìrànlọ́wọ́ láàárín ẹbí ni tẹ́lẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń jí kí gbogbo ilé tó jí, tí wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń kiri ọjà, nígbà tí àwọn ọmọ onílé ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìjọba Benin ṣe òfin ní ọdún 2006 lórí ìrìn-àjò àwọn ọmọdé àti lòdì sí òwò ọmọ. Èmi kò sọ pé ọ̀kan náà ni èyí àti ohun tí ewì náà sọ. Kò sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí ìtàn ọkọ̀ ẹrú lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ewì tí ó dára kì í jẹ́ kí òǹkàwé yan ipò tó wù ú nínú rẹ̀. Ó rọrùn fún wa láti jókòó sí ipò ọmọbìnrin tí ó ń ṣa ohùn àwọn ìyá jọ. Ẹni tí ó bá ní ọmọ ọ̀dọ̀ ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ nígbà tí ó ń ka ẹsẹ̀ kẹta gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé ohùn ta ni ń dún níbẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àti pé kí ni ó ń sọ.

Ní ti iṣẹ́ ọnà, mo ka "Vozes-Mulheres" sí ọ̀kan lára àwọn ewì tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀. Èdè rẹ̀ rọrùn, kò sì sí ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́ nínú rẹ̀. Àwítúnwí ni ó gbé e ró, bí ó ti gbé ọ̀pọ̀ lára ewì alohùn wa ró. Àwọn tí kò gbọ́ Potogí lè wá àwọn iṣẹ́ Evaristo ní Faransé, pàápàá L'histoire de Poncia, kí wọ́n lè rí bí ohun tí ewì sọ ní ìlà díẹ̀ ṣe di ìtàn gígùn. Bí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ kà á sókè, ìmọ̀ràn mi ni pé kí obìnrin márùn-ún pín in láàárín ara wọn, kí ẹni tí yóò ka ẹsẹ̀ ìyá má sì ṣe gbé ohùn sókè. Kí àwọn tí ń gbọ́ súnmọ́ ọn.